Èbù ni wọ́n ń sè jẹ

1/
Ọ̀rọ̀ kan ti ń gbé mi nínú láti ìgbà ọdún iṣu tó kọjá. Mo ní mi ò ní sọ ọ́. Àfi bí ẹnìkan ṣe kọ ọ́ síbí lánàá pé: "Ẹ yéé fi ọmọdé dánra wò nínú bọ́ọ̀lù. Ẹni tó ti gbá a rí ni kí ẹ gbé wá." Àwọn èèyàn sì ń tẹ ọkàn pupa sí i. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́. Ó máa gùn o, ẹni tí dátà rẹ̀ bá kéré kó tètè yà.

2/
Iye-Èkìtì ni mo wà tí mo ń kọ èyí. Ẹni tó bá dàgbà lápá ibí, láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́ dé Ìdó, kò lè sọ pé òun ò mọ èbù. Tí wọ́n bá wa iṣu tán, bàbá àgbà á ya èyí tí a máa jẹ sọ́tọ̀, á ya èyí tí a máa tà sọ́tọ̀, á wá ya èbù sọ́tọ̀ fún gbígbìn. Ebi lè pa ọ́ kí ojú rẹ pọ́n, o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan èbù. Ẹni tó bá sè é jẹ, kì í ṣe iṣu kan ló jẹ. Oko ọdún tó ń bọ̀ ló jẹ yẹn.

3/
Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyí, mi ò ní fi bò yín lójú: àwọn tó ń darí bọ́ọ̀lù wa, láti ẹgbẹ́ ìlú títí dé òkè, èbù ni wọ́n ń sè jẹ. Tí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán, wọ́n á gba ọjà lọ, wọ́n á fi owó gọbọi ra iṣu tí ẹlòmíì gbìn. Wọ́n á wá máa sọ fún wa pé ọmọ ibí ò gbóná tó.

4/
Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Mo ní àbúrò kan, ọmọ ọdún 17 ni nígbà yẹn. Ẹsẹ̀ òsì ló fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹgbẹ́ ìlú kan wà lápá ọ̀dọ̀ wa, mi ò ní dárúkọ ìlú, mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́. Àwọn ọmọ bíi tiẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìdíje ọdún iṣu. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń wà lórí pápá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí àwọn kan ò tilẹ̀ ní bàtà. Wọ́n gbá ìpele àkọ́kọ́, wọ́n yege. Inú gbogbo ìlú ń dùn.

5/
Ó ku fẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì kí ìdíje parí, bàbá ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ náà dé láti ìlú ńlá. Ó ní òun ò lè wá jókòó lórí àga níwájú àwọn ọba kí ọmọdé wá dójú ti òun. Ló bá kó àwọn méje wá, àwọn tí a ń pè ní mercenary. Àwọn tó ti gbá líìgì rí. Wọ́n gbà wọ́n sí òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n fún wọn ní iyán àti ẹran ìgbẹ́, wọ́n ń sanwó fún wọn lórí fẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àbúrò mi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀? Omi ni wọ́n ń gbé.

6/
Mo mọ̀ pé ẹ ti ń retí pé kí n sọ pé wọ́n fìdí rẹmi. Rárá o. Wọ́n gba ife. Ìlù dún títí ilẹ̀ fi mọ́. Àwọn méje yẹn sì wọ mọ́tò lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, wọ́n lọ, ó dìgbà kan ná.

Nígbà tí ọdún yípo, kò sẹ́ni tó máa gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn ọmọ ti túká. Ẹgbẹ́ náà ò tilẹ̀ forúkọ sílẹ̀. Ife wà lórí pẹpẹ, eruku ń jẹ ẹ́.

7/
Àbúrò mi bi mí léèrè kan lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gba ife yẹn. Ó ní: "Bọ̀ọ̀dá, ṣé n ò tó ni?"

Ẹ dákun, ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ ọkàn pupa, kí ni kí n fún un lésì? Ọmọ tó gbá bọ́ọ̀lù tí ìlú fi dé ibi tó dé. Iṣẹ́ fèrèsé alumíníọ̀mù ló ń kọ́ ní Ìkọ̀lé báyìí. Iṣẹ́ ni, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló pinnu pé òun ò tó. Wọ́n bá a pinnu ẹ̀ ni.

8/
Ẹ máa sọ pé bọ́ọ̀lù ìlú kékeré nìyẹn. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ sókè.

Nàìjíríà ti gba Ife Àgbáyé àwọn tí ọjọ́ orí wọn ò ju 17 lọ lẹ́ẹ̀marùn-ún: 1985 (ọdún yẹn, 16 ni wọ́n fi ààlà sí), 1993, 2007, 2013, 2015. Kò sí orílẹ̀-èdè kankan lágbàáyé tó gbà á tó bẹ́ẹ̀. Brazil gan-an ò tó wa.

Ife ilẹ̀ Áfríkà ti àwọn àgbà ńkọ́? Ẹ̀mẹta: 1980, 1994, 2013. Ife Àgbáyé àwọn àgbà? A ò kọjá ìpele ẹgbẹ́ 16 rí. Ẹ̀ẹ̀kan péré báyìí ò sí o.

Èbù tó dáa jù lágbàáyé wà lọ́wọ́ wa. Iṣu dà?

9/
Ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá, 2009, Àbújá. Àṣekágbá ìdíje àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ yìí, ilé wa ni wọ́n ti gbá a. Switzerland fi àmì ayò kan sí òdo nà wá. Haris Seferovic ló gbá a wọlé. Granit Xhaka wà nínú ẹgbẹ́ yẹn. Ricardo Rodríguez wà níbẹ̀. Ẹ lọ wo Xhaka àti Rodríguez: àwọn méjèèjì ló ti gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ àgbà orílẹ̀-èdè wọn ju ìgbà 100 lọ. Xhaka tún di balógun ẹgbẹ́.

Agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù nínú ìdíje yẹn, tó gba bọ́ọ̀lù oníwúrà, ọmọ tiwa ni: Sani Emmanuel. Mélòó nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ló gbọ́ orúkọ yẹn rí?

10/
Ẹ má ṣì mí gbọ́. Mi ò bú ọmọ náà. Èbù kì í dá gbin ara rẹ̀. Àwọn ọmọ Switzerland yẹn padà sílé sínú ẹgbẹ́ tó ní kọ́ọ̀ṣì, tó ní dókítà, tó ní ibi tí ọmọ máa gbé sùn, tó sì ní ẹni tó máa sọ fún un pé ọdún yìí kọ́, dúró, ó di ọdún tó ń bọ̀. Àwọn tiwa, àyẹ́sí ni wọ́n bá pàdé ní pápákọ̀ òfurufú, lẹ́yìn náà, ajẹntì tó ń wá ìpín tiẹ̀.

11/
Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí náà wà ńbẹ̀, mi ò ní fi pamọ́. Ọdún 2009 yẹn kan náà ni FIFA bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ MRI yẹ ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ wò ní ìdíje yìí, torí ẹ̀tàn ti pọ̀ jù. Gbogbo wa la mọ̀ pé àwọn kan wà lórílẹ̀-èdè yìí tó máa ń gé ọdún wọn kù kí wọ́n lè rí ibi wọlé. Ìwọ wò ó ná: tí bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé bá di ibi tí àgbà ti ń díbọ́n, àyè ta ni wọ́n ń gbà? Àyè ọmọ ọdún 16 gidi tó wà ní abúlé, tó ń dúró kó kàn án. Ìyẹn náà, èbù ni wọ́n jẹ.

12/
Àwọn méjì kan wà nínú ẹgbẹ́ 2009 yẹn tí ẹnìkan gbìn. Kenneth Omeruo àti Ogenyi Onazi. Ta ló gbìn wọ́n sínú ẹgbẹ́ àgbà? Stephen Keshi, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un.

2013, South Africa. Keshi fi Obafemi Martins sílẹ̀ nílé. Ó fi Taye Taiwo sílẹ̀. Ó fi Odemwingie sílẹ̀. Ariwo sọ. Ẹ rántí ariwo yẹn? Wọ́n ní ó ti ya wèrè. Ó wá lọ kó àwọn mẹ́fà láti inú líìgì ilé wa.

13/
Nígbà tí wọ́n pàdé Ivory Coast, ti Drogba, ti Yaya Touré, àwọn tí gbogbo ayé mọ̀, ta ló gbá góólù tó lé wọn lọ sílé? Sunday Mba, láti inú líìgì ilé. Ní àṣekágbá pẹ̀lú Burkina Faso, ọjọ́ 10 oṣù kejì, 1 sí 0, ta ló gbá a? Mba kan náà.

Ta ló wà ní àárín ẹ̀yìn lọ́jọ́ yẹn? Omeruo, ọmọ ọdún 19 tí Chelsea rà tí kò sì gbá fún wọn rí. Àti Godfrey Oboabona ti Sunshine Stars, Àkúrẹ́ níbí yìí. Àkúrẹ́ o! Ibi tí a ń wọ mọ́tò lọ ra ọjà.

14/
Ohun tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé rèé: Joseph Yobo, balógun ẹgbẹ́, ẹni ọdún 32, orí bẹ́ǹṣì ló wà lọ́jọ́ yẹn. Keshi ò lé e dànù. Ó mú un dání lọ sí South Africa, kí àwọn ọmọ lè máa rí i, kó sì máa bá wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n fọn fèrè, ó gbé e wọlé. Yobo náà ló gbé ife sókè.

Ìyẹn ni mo ń pè ní ọgbọ́n. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Kì í ṣe àgbà nìkan, kì í sì í ṣe ọmọdé nìkan.

15/
Torí mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń tẹ̀ ẹ́ pé "bọ́mọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà." Òótọ́ ni. Ta ló jiyàn? Ṣùgbọ́n báwo ni àgbà ṣe ní àkísà? Wọ́n fún un láṣọ ni, ó wọ̀ ọ́, ó gbó. Ẹ̀yin tí ẹ ò fún ọmọ láṣọ, ibo ló ti máa rí àkísà?

16/
Ẹ jẹ́ ká wo Osimhen. 2015, Chile, ọmọ Olúsósùn l'Ékòó yìí gbá góólù 10. Gbogbo ayé pariwo. Ó dé Wolfsburg ní Jámánì ní 2017, kò gbá góólù líìgì kan ṣoṣo wọlé níbẹ̀. Òdo. Ara rẹ̀ ò yá, ó fara pa. Ó gbìyànjú ní ẹgbẹ́ méjì ní Belgium, wọ́n ní àwọn ò fẹ́.

Charleroi gbà á ní 2018. Wọ́n ní sùúrù. Lille rà á ní 2019. Napoli rà á ní 2020. Nígbà tó di sáà 2022/23, góólù 26 ní Serie A, Napoli gba líìgì, òun náà di agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù ní Áfríkà ní 2023.

17/
Ní báyìí, ẹ fi ọwọ́ sí àyà yín kí ẹ dá mi lóhùn. Ká ní ẹgbẹ́ ilé wa ló ti gbá òdo yẹn ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ mélòó ni ẹ máa fún un? Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ẹ fẹ́ràn Osimhen lónìí, ẹ̀yin náà lẹ máa kọ ọ́ síbí pé "ọmọ yìí ti tán, ẹ wá ẹlòmíì."

18/
Ẹ jẹ́ kí n gbé yín lọ síbi tí ẹ ò retí. Eré kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ baseball. Igi ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù kékeré kan. Mi ò ní purọ́, ìdajì òfin rẹ̀ ò yé mi. Ọ̀nà tí àwọn ọ́fíìsì wọn ń gbà ṣe iṣẹ́ ló yé mi. Ẹgbẹ́ ńlá kọ̀ọ̀kan ní àwọn ẹgbẹ́ kékeré lábẹ́ ara rẹ̀, káàkiri àwọn ìlú kékeré. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn ọmọ sí. Ọmọ lè lo ọdún mẹ́ta, mẹ́rin níbẹ̀ kí wọ́n tó pè é wá sókè. Ẹ mọ orúkọ tí wọ́n ń pe ètò yẹn? Farm. Oko ni wọ́n ń pè é! Òyìnbó pàápàá mọ̀ pé oko ni.

19/
Ẹgbẹ́ kan wà níbẹ̀, Houston Astros. Fẹsẹ̀wọnsẹ̀ 162 ni wọ́n máa ń gbá lọ́dún. Ní 2011 wọ́n pàdánù 106. Ní 2012, 107. Ní 2013, 111. Gbogbo èèyàn ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ń gbin èbù ní tiwọn. 2012 yẹn ni wọ́n mú ọmọ ọdún 17 kan láti Puerto Rico, Carlos Correa. Nígbà tó di 2017, wọ́n gba ife tó ga jù nínú eré yẹn, Correa sì wà níbẹ̀.

20/
Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ rèé. Oṣù kẹjọ 2017, kó tó di pé wọ́n gba ife, wọ́n lọ mú Justin Verlander, ẹni ọdún 34, àgbà gidi, orúkọ ńlá. Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta láti inú oko wọn dípò rẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Àwọn náà ra àgbà. Ṣùgbọ́n ìgbà tí àká ti kún ni wọ́n tó mú iṣu mẹ́ta lọ ṣe pàṣípààrọ̀. Wọn ò fi èbù ìkẹyìn tó kù nílé ra ẹnikẹ́ni.

(Ẹ̀yin tó mọ̀ ọ́n máa sọ pé wọ́n ń jí àmì ọwọ́ àwọn alátakò wọn wò lọ́dún yẹn. Òótọ́ ni, wọ́n fìyà jẹ wọ́n fún un ní 2020, ó sì tọ́ sí wọn. Mi ò sọ pé wòlíì ni wọ́n. Àká wọn ni mò ń tọ́ka sí.)

21/
Tí Amẹ́ríkà bá jìnnà jù, Ìkẹ́nnẹ́ ò jìnnà. Remo Stars. Wọ́n wọ líìgì àgbà, wọ́n já bọ́, wọ́n tún wọlé, wọ́n tún já bọ́. Kúnlé Ṣónámẹ̀ tó ni ẹgbẹ́ náà ò tú u ká. Wọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù tiwọn, Beyond Limits, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ́ ọmọ. Wọ́n ṣe ipò kejì ní 2022/23. Wọ́n tún ṣe ipò kejì ní 2023/24, kọ́ọ̀ṣì wọn sì ṣì wà níbẹ̀. 2024/25, wọ́n gba líìgì fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé wọn. Ipò kejì lẹ́ẹ̀mejì léra! Níbòmíì, wọn ì bá ti lé kọ́ọ̀ṣì náà kó tó délé.

22/
Kí ló dé tí àwọn yòókù ò ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, kì í ṣe pé wọn ò mọ̀ ọ́n.

Àkọ́kọ́: ẹ̀rù. Tí o bá gbé ẹni tó lórúkọ wá tí ó kùnà, òun ni wọ́n máa bú. Tí o bá gbé ọmọdé wọlé tí ó kùnà, ìwọ ni wọ́n máa bú. Orúkọ àgbà jẹ́ agbòòrùn fún ẹni tó rà á.

Ìkejì: owó. Ọmọ tí o tọ́ fúnra rẹ, kò sí ìpín kankan fún alágbàtà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n rà, gbogbo ọwọ́ tó kàn án ló máa lọ́ràá.

23/
Ìkẹta: àsìkò. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹgbẹ́ líìgì wa. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n ń kà. Èbù bọ́ọ̀lù lè gba ọdún mẹ́fà, méje. Ta ló máa gbin ohun tí ẹlòmíì máa wá wà? Ọdún kan náà ni bàbá ìsàlẹ̀ ìlú ń kà ní tiẹ̀, àní ọjọ́ kan péré, ọjọ́ tó máa jókòó lórí àga níwájú àwọn ọba.

24/
Ìkẹrin, ó máa dùn yín: àwa. Àwa tí a máa ń pariwo lórí íntánẹ́ẹ̀tì. A fẹ́ ife lónìí. A fẹ́ fi ya fọ́tò. Ọmọ tó bá ṣi bọ́ọ̀lù gbá lẹ́ẹ̀kan, a ti fi ṣe àwàdà kí ilẹ̀ tó ṣú. Tí a bá ń sọ pé àwọn olórí ò ní sùúrù, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti kọ́ ọ.

25/
Ohun tí mo ń béèrè ò le:

Kí ìdíje ìlú wa kankan má gba ẹgbẹ́ láyè láìjẹ́ pé ọmọ ìlú márùn-ún tí kò tíì pé 20 wà lára 11 tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè ra àgbà mẹ́fà yòókù, ẹnikẹ́ni ò dí yín lọ́wọ́.

Kí àgbà tí ẹ bá sanwó fún dé ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kó bá àwọn ọmọ ṣe eré ìdárayá, kó kọ́ wọn ní nǹkan kan kó tó wọ mọ́tò lọ.

Kí ẹ fún kọ́ọ̀ṣì àwọn ọmọdé ní owó oṣù, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Owó òtẹ́ẹ̀lì àwọn méje yẹn máa ra bọ́ọ̀lù tó máa tó gbogbo ọmọ pápá yẹn lò títí ọdún á fi yípo.

26/
Pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Adó-Èkìtì, Olúyẹmí Káyọ̀dé ni wọ́n fi sọ. Ó wà lára àwọn tó sáré 4x100 fún Nàìjíríà ní Barcelona ní 1992 tí wọ́n gba fàdákà. Gbogbo wa máa ń kọjá níwájú orúkọ yẹn. Òun náà ti jẹ́ ọmọ kékeré kan rí, tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Ẹnìkan ló ní kó wá sáré.

27/
Mo ti rí ìdáhùn fún àbúrò mi. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n mo pè é lánàá, mo sọ fún un. Mo ní: o tó. Ibi tí wọ́n ti ń wọn ọkà ni òṣùwọ̀n ò dáa.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ti wá rántí." Ó ní àwọn ọmọ kékeré kan wà ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn ní Ìkọ̀lé, pé òun máa ń bá wọn gbá a ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé. Ó ní ọ̀kan wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ òsì.

28/
Ó tán. Ẹ tàn án ká, pàápàá tí ẹ bá mọ bàbá ìsàlẹ̀ kan tó ti ń ka owó mercenary fún ọdún iṣu tó ń bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn, àyè wà. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ kọ orúkọ ọmọ mẹ́ta tí ẹgbẹ́ ìlú rẹ̀ tọ́ dàgbà láàárín ọdún mẹ́wàá sí i. Tí kò bá rí mẹ́ta, kó rọra jókòó. Èbù lòun náà bá wọn jẹ.